Wèrèpè Tí Mo Fi Wá Itan Ìyá Mi

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí wọ́n gún mọ́ ata, tí wọ́n wá ń dín nínú epo pupa, ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìkirè. Ìyá wa ń ṣe dòdò tà fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀. Kí n tó fọ ẹnu ni wọ́n ti máa ń pè mí pé kí n wá bá àwọn fi ewé pọ́n ọn. Ràfíátù ni wọ́n ń pè mí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé iléèwé mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Àbúrò mi, Sìkírátù, kì í bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn. Edé ni ọ̀tá ara tirẹ̀. Bó bá ṣèèṣì jẹ ọbẹ̀ tí wọ́n fi edé sí, kíá lara rẹ̀ á sú, á wú níhìn-ín lọ́hùn-ún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ìyá wa á fi dòdò sílẹ̀ lórí iná. Wọ́n á mú hóró oògùn ara yíyún, èyí rúsúrúsú kékeré, látinú agolo mílíìkì, wọ́n á kán an sí méjì, wọ́n á fún un ní ìlàjì. Wọ́n á gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ: “Àṣàkẹ́ mi, pẹ̀lẹ́.” Títí oorun á fi gbé e lọ.

Èmi náà ní oríkì. Àyọ̀ká ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti pè é kẹ́yìn. Bí mo bá fajú ro nídìí iná, wọ́n á ní, “Àgbà kì í jowú ọmọdé, Ràfíátù. Yí dòdò kó má jóná.” Mo jowú. Mo jowú débi pé mo ń gbàdúrà lẹ́yìn ìrun pé kí Ọlọ́run fún èmi náà ní ara yíyún.

Àdúrà náà kò gbà. Ní Sátidé kan, mo lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wèrèpè ti fà mọ́ igi kòkó, mo sì fi èso rẹ̀ onírun ra ọwọ́ mi méjèèjì. Kí n tó délé, mo ti ń jó láìsí ìlù. Ìyá wa wò mí, wọ́n kán oògùn, wọ́n fún mi ní ìlàjì, wọ́n sì sáré padà síta nítorí pé mọ́tò èrò ti dúró. “Lọ sùn sórí ẹní” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Kò sí itan, yíyún náà kò sì lọ.

Mo rò pé ìlàjì tí wọ́n fún mi ló kéré. Mo gun àpótí, mo mú agolo náà, mo gbé hóró mẹ́ta mì. Oògùn ikọ́ olómi, tó dùn bí oyin, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìgò náà sẹ́nu. Ohun tí mo rántí mọ nìyẹn.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Apòmù ni mo ti lajú, ẹnu mi gbẹ fúrúfúrú. Ìyá wa ti rí irun wèrèpè lọ́wọ́ mi àti ìgò oògùn ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì ti rojọ́ tèmi àti ti àbúrò mi fún nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan, òun ló sì ń bá wọn wí.

“Ẹ gbọ́, ìyá. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń tú nǹkan kan jáde tó bá ti rí ohun tí kò bá a lára mu. Nǹkan yẹn á wá àga jókòó sí kó tó lè máa yúnni. Oògùn yìí á ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yíyún wèrèpè kì í gba ọ̀nà yẹn, bí ẹ fún un ní odindi páálí, á ṣì máa yún un. Oògùn náà sì ń dé ọpọlọ, òun ló ń kunni lóorun. Irú rẹ̀ tún wà nínú oògùn ikọ́ tó mu lé e. Ọmọ yìí ìbá sùn lọ. Ẹ gbé oògùn síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó. Àbúrò ẹ̀ ńkọ́? Tí ètè ẹ̀ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de oògùn oníhóró, ẹ gbé e wá kíá.”

Ọ̀rọ̀ àga yẹn wọ̀ mí lára. Lójú tèmi, Sìkírátù ló ti jókòó sí àga mi.

Ìyá wa kò nà mí. Sìkírátù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti Ìkirè dé Apòmù, orí itan Ìyá wa ni mo wà nínú mọ́tò, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pe “Àyọ̀ká, Àyọ̀ká” títí wọ́n fi gbé mi sọ̀kalẹ̀. “Wọn ò pè mí báyẹn rí,” ló wí, ojú rẹ̀ sì le. Èmi tí wọ́n ń pè kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Mo ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí. Bí eruku ọyẹ́ bá ń mú mi sín, mo máa ń bi oníkẹ́míìsì léèrè oògùn tí kì í kunni lóorun, mo máa ń ka iye tó yẹ lára páálí, n kì í sì í lo méjì pọ̀. Ọgbọ́n yẹn ti wọlé. Owú nìkan ni kò gbóògùn. Apòmù ni Ìyá wa ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ Sìkírátù, inú mi kì í sì í dùn sí i.

Nígbà tí mo lọ kí wọn níjọ́sí, ara ń yún wọn. Sìkírátù ti ń nawọ́ sí hóró rúsúrúsú ayé àtijọ́ yẹn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ó máa ń mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà, wọ́n lè ṣubú, kó lọ bi oníkẹ́míìsì ní èyí tó yẹ wọ́n. Ó fajú ro, ó jáde lọ. Kíá ni mo jókòó sórí ẹní, mo gbé orí Ìyá wa lé itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Wọ́n dijú. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ kan orúnkún mi, wọ́n ní, “Àṣàkẹ́ mi.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà kan ìbá ti gbé orí náà kúrò lórí itan. Èmi ní, “Ẹ̀n, mà,” mo sì ń fẹ́ wọn lọ.