Àwọn Ibi tí Táyé Máa Ń Dúró Sí

Òórùn sìmẹ́ńtì ni mo fi máa ń mọ̀ pé Táyé ti dé. Mo lè wà nínú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, kí n má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀, òórùn yẹn á ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìgbà owó epo nìyẹn, tí gbogbo ayé ń kọ́lé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ ní Àpápá pọ̀ débi pé wọn ò ríbi já ẹrù sí, ìbejì mi sì wà lára àwọn dẹrẹ́bà tó ń kó o lọ sókè, láti Èkó títí dé Jẹ́bà. Tó bá fẹ́ sùn ní Èkó, á páàkì tírélà ẹ̀ sí Dòpẹ̀mú, á fẹsẹ̀ rìn wá bá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ẹ̀gbẹ́dá ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ yìí o. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé kàn ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀gẹ́ ni. Yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù kan ni mo háyà lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìdímù. Mo ya ọkọ̀ òfuurufú sára aṣọ funfun kan, mo ta á sẹ́yìn àga, ẹni tó bá wá ya fọ́tò á dúró síwájú ẹ̀, á na ọwọ́ jáde kí aago tuntun ẹ̀ lè hàn. Èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé mi! Ṣùgbọ́n mo gbà nígbà náà pé kò sóhun tó wà níta tí aṣọ mi ò ní.

Táyé ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló máa ń sọ ọ́: "Kẹ́hìndé, bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbé kámẹ́rà ẹ dání. Tó o bá rí àwọn ibi tí mo máa ń dúró sí lọ́nà, wàá fi aṣọ ranu yìí nu ilẹ̀." Èmi á ní iṣẹ́ pọ̀. Á bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo rán mi níṣẹ́ pé kí n kọ́kọ́ jáde lọ tọ́ ayé wò. Mo tọ́ ọ wò, mo ké pè ọ́ pé ó dùn, o jáde, o wá lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù! Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ o." Ọdún mẹ́ta ló fi ń bẹ̀ mí. Mo ń sọ pé tó bá di ọdún, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ òórùn sìmẹ́ńtì, mo ní, "Táyé, wọlé, mò ń bọ̀." Mo jáde, dẹrẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, àgbàlagbà tí wọ́n jọ máa ń tẹ̀lé ara wọn lọ́nà. Ó ti ṣí fìlà lórí. Bíréèkì ló já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, a kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sọ́jà ni. Ìyá wa ò tiẹ̀ sọ ìyẹn. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ló pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ fọ́tò àwa méjèèjì. Láyé àtijọ́, ère ni wọn ìbá gbẹ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbẹ́ ère, fọ́tò la fi rọ́pò ẹ̀: èyí tó kù á dúró lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún ara ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún èkejì. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mà á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mà á ya ọmọ náà lápá kan. Mi ò ní yí fíìmù, mà á bo ìdajì kejì, mà á tún un yà lápá kejì. Tó bá jáde, ọmọ méjì lẹ máa rí. Mo ní, "Ìyá mi, kò le rárá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Ó ní, "Kì í ṣe níwájú aṣọ ẹ o. Ojú ọ̀nà nilé ẹ̀. Ibi tó máa ń wà ni kó o ti bá mi yà á."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ àgbàlagbà dẹrẹ́bà yẹn ní Dòpẹ̀mú nìyẹn, tèmi ti kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ igi ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù àti fìlà Táyé nínú báàgì. Ó ń fi ibẹ̀ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti máa ń bọ́jú. Ìdí igi igbá kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n fi òkúta tò kálẹ̀ láti máa kírun. Ó ní Táyé ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta náà. Níbi kọ̀ọ̀kan mà á gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mà á dúró bí ara mi, mà á tún wọ ẹ̀wù Táyé, mà á dúró bíi tiẹ̀, dẹrẹ́bà á bá mi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà á mi orí. "Onífọ́tò, Táyé kì í dúró báyẹn."

Nígbà tá a máa fi dé Jẹ́bà, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Sójà ò jẹ́ ká yàwòrán lórí afárá, a bá sọ̀kalẹ̀ sétí Odò Ọya. Fíìmù ẹyọ kan ló kù. Ti Táyé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀: mo wọ ẹ̀wù náà, mo gbé àyà síta. Dẹrẹ́bà tún mirí. Mo jágbe mọ́ ọn, èmi tí ọjọ́ kẹta mi lójú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Báwo ló ṣe máa ń dúró? Inú kan náà la jọ gbé o!"

Inú ò bí i. Ó ní, "Kì í dúró rárá. Tó bá ti pa ọkọ̀, ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á bọ́ bàtà, á máa wo omi. Á wá máa yọ wá lẹ́nu pé Kẹ́hìndé òun ní Ẹ̀gbẹ́dá mọ fọ́tò yà ju ẹnikẹ́ni lọ ní Èkó, pé ó ń bọ̀ wá yà wá níbí. Gbogbo wa la ti ń retí ẹ."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà torí ó ti ń há mi, mo kọjú sí omi, mo sunkún. Ẹni tá a jọ wá sáyé, àjèjì ló ń sọ ìṣe ẹ̀ fún mi. Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà ṣì wà ní ṣíṣí lápá kan, mi ò sì mọ̀gbà tí bàbá yẹn tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní agbára àtidìde lọ ṣe apá kejì.

Mo fọ fọ́tò náà, mo kó wọn lọ bá ìyá wa. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní. Ó mú ti Abẹ́òkúta, ó ní, "Ìwọ méjì nìyí." Ó mú ti ìdí igi igbá, ó ní, "Ìwọ méjì." Gbogbo wọn ló fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá kan ti Jẹ́bà, tí apá kan ẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó wò ó títí. Ó gbé e mọ́ àyà. "Táyé mi nìyí," ló wí.

Mo ní kó jẹ́ kí n gé apá dúdú yẹn kúrò. Ó ní, "Má gé e. Ibẹ̀ nìwọ wà."

Kò fi bú mi o. Bó ṣe rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó sì ń dùn mí dòní.

Ó ti pẹ́ tí ìyá wa ti lọ. Fọ́tò náà wà lára ògiri mi báyìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí kò sí ibi tí ẹ̀gẹ́ kan lè hù mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń bèèrè pé, "Bàbá, àbí ẹ̀yin nìyí?" Mo máa ń ní rárá, Táyé ni. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, èmi ò sì bá wọn jiyàn. Ibi tó máa ń dúró sí dára lóòótọ́, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ̀ mí pé kí n wá wò ó, ọjọ́ tí mo wá lọ, kò sí níbẹ̀.