Iná tó kù nínú áńpílífáyà bàbá mi

Ẹ̀yin èèyàn mi orí ayélujára, ẹ wá ka èyí.

Áńpílífáyà gìtá tí olóògbé bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló dákẹ́ lónìí, nílé wa ní Ẹ̀fọ̀n. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ, mo sọ pé àyè àtitú u nìyí.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Háà! Fáàfù inú rẹ̀, ìyẹn gílóòbù tó ń gbé ohùn sókè, kì í ṣe ti áńpílífáyà rárá. Inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni bàbá ti yọ ọ́. Ó tóbi bí ìgò, ó dé fìlà irin. Mo nawọ́ sí fìlà náà.

"Yọwọ́!" Màmá mi ló pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹkún lo fẹ́ kó wọ ulé yìí?"

"Màmá, wọ́n ti mú iná lọ mà."

"Iná ṣì máa ń kù sínú rẹ̀. Bàbá rẹ kì í fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi irin pa iná inú rẹ̀."

Màmá mú sukudiráfà bàbá wá. Ẹnu rẹ̀ ti jó. Mo di igi ìdìmú rẹ̀ mú, mo fi ẹnu rẹ̀ kan fìlà náà àti àpótí irin áńpílífáyà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

PÀÀ! Sukudiráfà fò lọ.

Màmá ní, "Ọwọ́ rẹ ni ì bá jẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú nǹkan torí pé wọ́n mú iná lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kí n mọ̀ pé ẹ ṣì wà láàyè.