Àpótí Mẹ́rin fún Àgbọ̀n

Iṣẹ́ aago títúnṣe tó ń ṣe ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní Bàbá Aláago, débi pé àwọn ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ ò mọ̀ pé ó lórúkọ mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé wà lókè, àtẹ̀gùn tóóró kan ló so méjèèjì pọ̀. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó máa yọjú, ìyàwó á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìwé ìròyìn àti bírò, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì iṣẹ́, á sì ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ eré ọ̀rọ̀ sí: àwọn àpótí kéékèèké, dúdú àti funfun, tí èèyàn á máa fi lẹ́tà dí, àwọn kan ní ìbú, àwọn kan ní òòró. Ìyàwó á ka ìbéèrè sókè. Ọkọ, tó ti há awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú kan, tó doríkodò sínú ìfun aago, á ju ìdáhùn sí i láìgbójú sókè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ inú àpótí, ìyàwó á ní, "Ó wọlé." Bí kò bá wọ̀, á dákẹ́, ọkọ á sì mọ̀ pé kóun wá òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí ọmọ wọn obìnrin ti wà nílé ìwé títí tó fi di nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn.

Àìsàn tó mú ìyàwó náà lọ ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì padà sílé wọn. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í títí ìsinmi tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ fi tán. Ó fọ aṣọ, ó tolé, ó lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, oníwèé ìròyìn ti ìwé gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bó ti máa ń ṣe. Bàbá Aláago gbé e, ó jókòó, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àárọ̀ yẹn ló tó mọ̀ pé òun ò fojú kan eré náà rí. Etí ló fi mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà wà nínú àwọn àpótí kan, kò mọ èyí tó ń jẹ́ ìbú, kò mọ òòró. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́ sókè, ó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kẹ́nì kan ní ó wọlé.

Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó ran òun lọ́wọ́. Ibi iṣẹ́ lọmọ náà wà, àwọn aláìsàn ń dúró dè é, ṣùgbọ́n kò fẹ́ já bàbá rẹ̀ kulẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà lórí fóònù tó máa ń bá èèyàn wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi gbogbo ìdáhùn ránṣẹ́ pátápátá. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ wọ́n sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, àárọ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀, odindi ọjọ́ kan sì ń wò ó lójú. Kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà mọ́. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì máa ń yà wá, ṣùgbọ́n bó bá ti dáhùn ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ìjọba ló kù tó máa sọ títí á fi lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìbéèrè kan dá Bàbá dúró gbagidi: ibi tí irùngbọ̀n ń hù sí, àpótí mẹ́rin. Ó fọwọ́ ra tirẹ̀, tí kò tíì fá láti ìgbà tọ́mọ ti lọ. Àgbọ̀n ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àmọ́ nígbà tó kọ ọ́, lẹ́tà tó kẹ́yìn ò ríbi jókòó. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ọ̀kan náà ni. Inú wá bí i. Ó rí nọ́ńbà iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn nísàlẹ̀ ojú ewé, ó sì pè wọ́n láti fẹjọ́ sùn. Ẹni tó gbé e ní kó dúró, ó fún ẹlòmíràn, ìyẹn náà fún ẹlòmíràn, títí obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ wúwo fi ní òun lòun ń ṣẹ̀dá eré náà.

"Àpótí yín ò tó," ni Bàbá wí. "Àgbọ̀n ò lè wọ inú àpótí mẹ́rin."

"Á wọ̀ ọ́, sà. Lẹ́tà kan ni gb. Ẹ kó méjèèjì sójú kan."

Bàbá dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì gòkè lọ sí ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tẹ́ orí pẹpẹ. Ó kó àwọn abọ́ kúrò lórí wọn, ó sì ń wá ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ gb sínú eré náà títí ó fi rí i: g àti b, nínú àpótí kan ṣoṣo, wọ́n fún mọ́ ara wọn bí ẹni méjì lórí ibùsùn ẹlẹ́nì kan. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Oníbàárà kan kanlẹ̀kùn nísàlẹ̀, ó kàn án títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣe, Bàbá tún pe obìnrin náà, wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn, ó sì di àṣà. Obìnrin náà kì í sọ ìdáhùn. Á kàn ní, "Ẹ má ronú nípa oúnjẹ níbẹ̀ yẹn," tàbí kó ní èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá. Nítorí ohùn rẹ̀, Bàbá ń pè é ní Ìyá, ìyẹn náà sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí Bàbá ò lè rí "ó ń rìn, kò kúrò lójú kan, lẹ́tà mẹ́rin," obìnrin náà béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní aago lòun ń tún ṣe. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì tètè tán. Bàbá gbójú sókè wo gbogbo aago tó wà lára ògiri rẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ó ní aago ògiri kan tó fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà lápá ibi tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wà. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa. Nígbà tó jíṣẹ́ tán, ó yà síbẹ̀, ó ní òun wá kí ìyá tó ń ṣe eré ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó jáde sí i ò ju ọmọ tirẹ̀ lọ, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, íǹkì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ má bínú sí mi, sà. Látọjọ́ tí ẹ ti ń pè mí ní Ìyá ló ti yẹ kí n sọ̀rọ̀."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, ọmọ mi."

Bí "ọmọ mi" ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, wọ́n di àjèjì síra wọn. Obìnrin náà béèrè bóyá ó rí ọkọ̀ wọ̀ dáadáa. Bàbá ní òun rí i wọ̀. Bàbá béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ó ní ó ń lọ. Àwọn èèyàn ń kọjá, kò sì sẹ́ni tó kí obìnrin náà nínú wọn. Kò sí ìbéèrè kankan nílẹ̀ tí wọ́n lè jọ dojú kọ. Bàbá dìde, ó ní òun fẹ́ tètè délé, obìnrin náà sì sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ojú ń tì í láti pè é lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń ṣe eré náà débi tí agbára rẹ̀ mọ, á sì fi ìyókù sílẹ̀ ní òfìfo. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ kí fóònù tó dún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá, ẹ ò pè."

"Iṣẹ́ ló pọ̀," ni Bàbá wí. Ẹnikẹ́ni ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Obìnrin náà béèrè ibi tó bá a dé. Bàbá na ọwọ́ mú ìwé ìròyìn, ó ka àwọn tó le fún un. Wọ́n jọ yẹ̀ wọ́n wò díẹ̀, Bàbá rí méjì nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ń pe obìnrin náà lọ́hùn-ún pé kó mú ojú ewé rẹ̀ wá, ó sì ní òun ní láti lọ.

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Ní òdìkejì títì, télọ̀ ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá há awò sójú, ó fa aago ọwọ́ kan sún mọ́ra, aago tí olówó rẹ̀ ní kò sí ìkánjú níbẹ̀ rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.