Sójà Oníbàtà Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó jókòó ti òfì, ọwọ́ mi sì mọ òwú ju gègé lọ. Bí mo bá ń kọ̀wé, ńṣe ni mo ń ṣe bí ẹni ń hun aṣọ: bí òwú kan bá já, mo máa so ó, kókó rẹ̀ á sì hàn. Ẹ bá mi fojú fo àwọn kókó náà. Ọ̀rọ̀ sójà mi ni mo fẹ́ sọ.

Abẹ́ Kwárà ni ìlú wa Kàbà ṣì wà nígbà náà, mo sì ti pé ọmọ ogún ọdún. Mo ní agolo mílíìkì ńlá kan lábẹ́ ibùsùn. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ta ni yóò gbọ́ pé ọmọbìnrin tó tó ilé ọkọ ṣì ń kó ọmọláńgidi jọ? Ọkùnrin pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó jáde láti inú páálí bisikíìtì. Sójà amọ̀ méje sì wà níbẹ̀, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ létí odò nígbà tí a wà ní kékeré. A fa ìlà mẹ́ta sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà jí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti wà ní Kàdúná, ó ń fọṣọ fún ìdílé òyìnbó kan. Kò kàwé rárá, nítorí náà a kì í retí lẹ́tà.

Ní ọjọ́ ọjà kan, dẹ́rẹ́bà tó máa ń ná Kàdúná já ẹrù kékeré kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kàbà. “Ọmọ yín ní kí n kó eléyìí fún yín o,” ni gbogbo ohun tó sọ. Kí Iye mi, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa nìyẹn, tó bu omi fún un, mọ́tò rẹ̀ ti di eruku lọ́nà Ìsánlú.

Èmi ni wọ́n ní kí n tú ẹrù náà. Bàbá mi, Iye mi, àti ìyá bàbá mi tí a ń pè ní Yèyé, gbogbo wọn jókòó tì mí lórí ẹní. Inú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ́jọ́ tó kúrò nílé ni wọ́n dì í sí. Mo tú bọ́tìnnì rẹ̀, sójà rọ́bà kan sì yọrí jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Ó gùn tó láti ìgunpá mi dé ọrùn ọwọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí oòrùn pa. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú ya irun sí orí ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà wọ́ sí apá kan, ó wá dà bí ẹni tó fẹ́ fini ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ gidi ló wọ̀, wọ́n rán an ni, àmọ́ ẹni tó rán an kò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ìṣẹ́tí ṣòkòtò náà ti ń tú. Ìbọn rẹ̀ kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fi sí i lọ́wọ́, á jù ú sílẹ̀ bí ọ̀lẹ ṣe ń ju ọkọ́. Bàtà kan ló ní. Ẹsẹ̀ kejì wà lásán, kò tilẹ̀ ní ọmọ ìka. Ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀! Ọrùn ń yí, ìgunpá ń ká, ìbàdí ń tẹ̀, orúnkún ń ṣẹ́. Àwọn sójà amọ̀ wa, bí o bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á kán sí méjì. Nítorí oríkèé yìí nìkan, mo dárí gbogbo àléébù yòókù jì í.

Ibi tí mo ti ń dunnú lọ ni Bàbá mi ti wí pé, “Gbé e sílẹ̀.”

Bàbá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó ní kò sí àrokò tí òun kò lè kà. Láyé bàbá rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ohun tí wọ́n dì sínú aṣọ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á sì ka ohun náà bí a ṣe ń ka lẹ́tà.

“Sójà,” ni Bàbá mi wí. “Ọmọ mi ti wọṣẹ́ sójà.” Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. “Nǹkan ti ṣe é lẹ́sẹ̀.” Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tí sójà náà nà sókè. “Ó ń ké sí wa.” Nígbà tó kan ṣẹ́ẹ̀tì, kò lè kà á jáde. Aṣọ ẹni kì í dédé ṣíwájú ẹni wálé.

Iye mi káwọ́ lérí. “Ẹ gbé nǹkan yìí jù sódò kílẹ̀ tó ṣú!”

“Rárá,” ni Bàbá mi wí. “Èmi á gbé e dání lọ bá a. Mọ́tò ìdájí ọ̀la ni mo máa wọ̀.”

“Ìwọ tí òòyì ọkọ̀ ń kọ́ láti ibí dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé ìtòsí yìí,” ni Yèyé wí, “o fẹ́ dé Kàdúná? Ta ni yóò máa gba èébì rẹ?”

Wọ́n ń jiyàn lọ. Mo rọra yí sójà náà padà. Ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò ní bàtà, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ fa ìlà mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ kì í dá sí ìmọ̀ràn àgbà nílé wa. Èmi tiẹ̀ rèé, n kì í lè béèrè iyọ̀ níwájú àlejò. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, àṣírí agolo mi tú. Ṣùgbọ́n Iye mi ti ń sunkún, Bàbá mi sì ti ń béèrè àpò rẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé sójà náà dìde. Mo mú un rìn lórí ẹní títí dé iwájú Bàbá mi. Mo tẹ ìbàdí rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, mo mú un dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìbọn rẹ̀ já bọ́.

“Okun o, Bàbá,” ni mo fi ohùn ọkùnrin kí i, bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

Yèyé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Okun, ọmọ mi,” ó dá sójà lóhùn. “Káre. Bàtà kejì dà? Ṣé ajá ló gbé e?”

Mo sáré lọ gbé agolo mi, mo to àwọn sójà amọ̀ síwájú wọn, mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè. Ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta. Mo yí ti sójà rọ́bà náà sí i.

“Èmi ló fi ránṣẹ́ sí,” ni mo wí. “Ìṣeré ni. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì dì í kó má baà bàjẹ́ lọ́nà.”

Bàbá mi fi àtàǹpàkò wọ́ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àrokò náà ni,” ó ní. “Àdírẹ́sì ni mi ò kà.”

“Ẹ wo ọmọ tí a ní kò lè wo ojú ọkùnrin,” ni Yèyé wí. “Mẹ́jọ ló kó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn!”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, kò sì béèrè àpò mọ́. Iye mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa tọ́jú sójà mi. Ṣùgbọ́n kò fi ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Ó ká a, ó tún tú u, ó gbé e símú. Mo rí i pé àrokò ti tán lójú Bàbá, kò tíì tán lójú tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Iye mi lọ sódò, mo mú ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí ẹní rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo rán apá rẹ̀ tó ti ya. Mo sá a síwájú yàrá rẹ̀, bí a ṣe ń sá aṣọ ẹni tó máa wálé wá wọ̀ ọ́. Mo gbé sójà oníbàtà kan jókòó sábẹ́ rẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ, mo ti ìbọn bọ̀ ọ́ lábíyá kó má baà jù ú sílẹ̀, mo sì padà sídìí òfì mi.