Ife Kan Nínú Ogójì

Ojúkojú, "ẹ" ni mo máa ń pe ọkọ mi, Adébánjọ, bí obìnrin Rẹ́mọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń pe ọkọ rẹ̀. Nínú èyí tí mò ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Inú ló ń bí mi. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bí mi, mi ò sì mọ ìgbà tí yóò rọ̀.

Òṣìṣẹ́ láàbù ni tẹ́lẹ̀ ní ilé ìwé girama kan nílùú wa, Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló ń fọ ìgò, òun ló ń to kẹ́míkà sórí pẹpẹ, òun náà ló ń fi fáìlì gé ọ̀pá gíláàsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe é. Ìjọ Adventist ni wá, Sátidé ni Ọjọ́ Ìsinmi wa, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ títí yóò fi wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún 1993, ọ̀gá àgbà tuntun dé, ó ní Sátidé ni kí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù máa wá múra ìdánwò sílẹ̀. Adébánjọ ní òun kò ní wá. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ dìde dúró láti yẹ́ ẹ sí. Èmi náà dìde, mo sì pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo pàtẹ́wọ́.

Odindi ọdún kan ló fi jókòó síwájú ilé tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kò dùn ún bá gbé rárá. Lọ́jọ́ kan, ó ṣa ìgò tí ẹnì kan jù sẹ́yìn ọgbà wa, ó rẹ òwú sínú kẹrosíìnì, ó fi so ìgò náà lábẹ́ ọrùn, ó ṣáná sí i, ó ń yí i lọ́wọ́ títí iná fi kú, ó sì tì í bọ inú korobá omi tútù. Ó dún tá. Ọrùn ìgò já bọ́, ìyókù di ife. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti di ilé ìgò. Ìgò ọtí ló pọ̀ jù, torí òun ló nípọn. Ẹ wo ilé alàgbà ìjọ tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí, tí ìgò bíà kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n jẹ́wọ́, ta ló ń mu ún nínú àwa méjèèjì. Ó ń ṣe ife, ó ń ṣe ohun tí wọ́n ń ki òdòdó bọ̀, ó tilẹ̀ ń ṣe ìbòrí àtùpà.

Gígé kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀, etí rẹ̀ ni. Bí ìgò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, etí rẹ̀ a máa mú bí abẹ, èérún a sì máa bọ́ lára rẹ̀. Adébánjọ á da iyanrìn àti omi sórí ọlọ tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi, á dojú ife dé e, á máa lọ̀ ọ́ yípo fún ìdajì wákàtí. Á fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, á gbé etí rẹ̀ lé ètè ara rẹ̀ nísàlẹ̀, á sì rọra yí i po. Ìka rẹ̀ ti yi jù, kò mọ nǹkan lára mọ́, àmọ́ ètè kì í tàn án jẹ. Àpá kéékèèké pọ̀ ní ètè ọkọ mi. Ife tí kò bá kan ètè yẹn kì í kúrò nílé wa.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Àlímì, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù. Wọ́n jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mùsùlùmí ni Àlímì, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, òun ló máa ń wá jókòó tì í, tí wọn á jọ máa jiyàn lórí ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn fi sinmi. Lóṣù kẹjọ ọdún 1997, ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ, ìsọmọlórúkọ sì bọ́ sí Sátidé. Àlímì ní ife Adébánjọ ni àwọn àlejò òun yóò fi mu omi lọ́jọ́ náà, ogójì, kí Ṣàgámù lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ òun. Ó fi agbọ̀n obì ńlá kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi ń di obì, kí a máa fi wé àwọn ife náà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, mọ́kàndínlógójì ti wà nínú agbọ̀n. Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ogójì lòun ṣèlérí. Ó gé èyí tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Modúpẹ́olúwa, ọmọ wa obìnrin, dá orin tí a fi ń kí Ọjọ́ Ìsinmi káàbọ̀ nínú pálọ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ dúró. Apá kan etí ife náà ti dán, apá kejì kò tíì kan ọlọ. Kò fọ̀ ọ́, kò gbé e kan ètè. Kí ọmọ má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ṣe fi ewé wé e, tó gbé e sórí àwọn tó kù nínú agbọ̀n, ó sì wọlé wá bá wa kọrin.

Hàmdálátù, àkọ́bí Àlímì, ló yẹ kó ti wá gbé agbọ̀n náà lọ́sàn-án. Kò sí epo nílùú lọ́sẹ̀ náà, ó sì jìyà kó tó rí ọ̀kadà. A ti ń parí àdúrà nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní kí a má bínú. Ó jókòó sórí ọ̀kadà, mo sì bá a gbé agbọ̀n náà lé itan rẹ̀.

Ó wo ọkọ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n pé, ṣé kò sí wàhálà?"

Nínú ìjọ wa, a kì í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ òwò lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń sinmi, ẹnu náà ń sinmi. Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ, pé kí wọ́n yọ ti òkè sọ́tọ̀. Mo rí i tó gbé e mì.

"Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé, ọmọ mi," ló sọ. "Bá mi kí bàbá rẹ."

Ọ̀kadà náà bá lọ. Mo ní kó jẹ́ kí a tẹ̀ lé e. Ó ní wọn yóò fọ àwọn ife náà kí wọ́n tó lò wọ́n, wọn yóò rí i fúnra wọn. Ó ní òun ti pàdánù iṣẹ́ òun torí ọjọ́ yìí, ṣé torí ife kan lòun yóò wá bà á jẹ́. Mo ní Jésù wo aláìsàn sàn lọ́jọ́ náà. Ó ní ta ló ń ṣàìsàn.

Lọ́jọ́ kejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò kọrin. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ jáde. Mo ká ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà kó lè kọjá, ó tún padà jókòó. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tí a fi ti wà létí títì, tí a ń dá ọ̀kadà dúró.

Nígbà tí a dé Ṣàgámù, wọ́n ti gbé Àlímì lọ sílé ìwòsàn. Lóòótọ́, wọ́n fọ àwọn ife náà. Ṣùgbọ́n Àlímì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ti òkè ní kété tí agbọ̀n wọlé, ó ní tòun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, ó bu omi sí i, ó gbé e sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì mu ún. Èérún ìgò bá omi wọlé, ó gún un lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó ń mi orí sí i, bíi pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọjọ́ Ìsinmi ti parí nígbà náà. Kò sí ohun tó di ọkọ mi lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Àlímì kú lọ́jọ́bọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Adébánjọ tó sọ ọ́. Àwa mẹ́ta péré la wà ní yàrá tí wọ́n ń kó obì sí. Ó sọ fún Hàmdálátù pé òun mọ̀ pé ife kan kò dára, òun sì mọ èyí tó jẹ́, nígbà tó béèrè lọ́wọ́ òun. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó dojú kọ ilẹ̀.

Hàmdálátù kò pariwo. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo lè dá tẹ̀ lé e, àmọ́ mi ò fẹ́ kí àwọn ará ìjọ rí mi lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Hàmdálátù jókòó sórí àpò obì kan.

"Láàárọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí bàbá mi ṣì lè sọ̀rọ̀, mo ti wọ bàtà kí n wá pè yín," ó ní. "Bàbá mi ló dá mi dúró. Wọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi yín ni, kí n jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ná."