Eérú Ìyá Mi Lára Igi Òrùlé

Rábíátù Àṣàkẹ́, ọmọ amọ̀kòkò, ọmọ a-fọwọ́-méjì-kọ́lé-fómi. Àṣàkẹ́ ọmọ amọ̀ dúdú tí í wọná tí í di pupa. Àṣàkẹ́ tí í fi ìka kan ìkòkò kó tó rà á, tí í fi ìka kan án kó tó tà á. Ìyá mi ni mo ń kì. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì Ọlọ́run fún un, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ọ́n kọ yìí, òun ló fún mi. Bó ṣe fún mi ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Gàmbàrí, nígbà tí a ṣì ń ná ṣílè àti kọ́bọ̀, òórùn mẹ́ta ló máa ń jí mi láàárọ̀: òórùn máṣà tí Ìyá Sẹ̀fíù, ará ilé wa, ń dín lẹ́nu ọ̀nà, òórùn tàdáwà dúdú tí bàbá mi fi ń kọ̀wé sára pátákó wàláà, àti òórùn amọ̀ tútù lára ìyá mi. Bàbá mi, Alfa Múmínì, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní sàúre, ìyẹn yàrá ńlá tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá tó bá wọ agboolé. Ìyá mi ń mọ ìkòkò lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ títí yóò fi kúnná, kí n sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ dànù. Bí mo bá sá lọ ṣe bojúbojú, tí òkúta kan ṣoṣo ṣẹ́ kù, ìkòkò á là nínú iná. Ìyá mi kò ní nà mí o. Àfọ́kù náà ni á gbé lé mi lórí, á ní kí n gbé e yí agboolé ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo ayé máa bi mí pé kí ló dé. Ìbá sàn kó nà mí.

Kì í ta ìkòkò láìdán an wò. Á pọn omi kún un, á wá fi eérú gbígbẹ pa á lára látòkè délẹ̀. Ibi tí eérú bá ti kọ́kọ́ dúdú, ibẹ̀ ló ti sán. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí ìkòkò lomi á ti máa kán, ṣùgbọ́n ọrùn ló ti sán. Á ní, “Àwáwù, má wo ibi tí omi kán sí. Ibi tó ti gbéra ni kó o wá.”

Ó mọ kóló kan fún mi pẹ̀lú, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń sọ owó sínú rẹ̀, owó ilé ìwé mi ni. Bàbá mi kò kọ̀, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ó ní ọmọbìnrin tó bá ti ké Kùránì já, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí kóló bá kún, kí n lọ.

Ọdún tí kóló kún gan-an ni sàúre bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Jíjò kékeré ni. Kán, kán, kán, bí ẹni ń fi ìka lu igbá. Ṣùgbọ́n ara ògiri tó ń kán sí ni gàfákà máa ń wà, àpò awọ tí wọ́n kó Kùránì tí bàbá bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí. Kí á tó mọ̀, ewé méjì ti tutù, tàdáwà rẹ̀ ti ṣàn pọ̀. Bàbá mi gbé ewé méjèèjì lé orí itan, ó ń sunkún. Èmi ò rí i kó sunkún rí.

Káfíńtà méjì ló wá wò ó. Èkíní ni Bùráímọ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bùrá Páànù. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, pẹ́ńsùlù ń bẹ létí rẹ̀. Ìta ló dúró sí, ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó yọjú wo ibi tó tutù lára ògiri. Ó ní, “Ibi tó ti ń kán náà ló ti lu, Alfa. Gbogbo apá ibí yìí ló ti jẹ. Páànù mọ́kànlá, igi mẹ́rin. Èmi ni mo kan òrùlé àwọn ọ̀gá ní GRA, ẹ lọ bi wọ́n léèrè.” Iye tó pè mú kí bàbá mi mí kanlẹ̀.

Èkejì ni Bàbá Jóṣúà, ará Ọ̀mù-Àrán, èèyàn jẹ́jẹ́. Òun bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó lórí ẹní, ó ń wo òkè. Sàúre wa kò ní àjà, igi àti páànù lásán ni ẹ óò rí. Ó wò ó pẹ́, ó wá tọ́ka sí òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tó jìnnà sí gàfákà pátápátá. Ó ní ìṣó méjì ló ti dípẹtà níbẹ̀. Ìṣó tuntun, awọ pélébé sábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà dúdú lórí rẹ̀, ó tán. Ṣílè mẹ́rin.

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. “Omi ń kán níhìn-ín, ó ń tọ́ka sọ́hùn-ún! Ṣílè mẹ́rin àti awọ! Ṣé òrùlé ló fẹ́ ṣe àbí sálúbàtà ló fẹ́ rán? Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pè é ní ọ̀pọ̀ báyẹn.”

Ó wá ní kí ìyá mi gbé kóló jáde. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní owó ilé ìwé Àwáwù ni. Bàbá mi ní, “Rábí, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń tutù, ilé ìwé lò ń bá mi sọ?” Ìyá mi ní, “Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Jímọ̀.”

Ní Àlàmísì, kéú kì í sí, sàúre sì ṣófo. Bàbá mi lọ sí ibi ìgbéyàwó kan. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sílé báyìí, ìyá mi yá àkàbà, ó fi àkísà pa eérú gbígbẹ mọ́ ara gbogbo igi òrùlé sàúre. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, kí n gbójú sókè, kí n pariwo bí eérú bá dúdú. Ó gbé àkàbà síta, ó pọn omi kún bùútà tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá, nítorí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè da omi sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ó gun òkè lọ.

Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Sẹ̀fíù níta. “Ẹ wá wo ìyàwó alfa lórí òrùlé! Rábí, ṣé ìwọ ló fẹ́ pèrun lónìí ni?”

“Bí mo bá pè é, ṣé wàá wá?” Ìyá mi ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kánkán ibi tí Bùrá Páànù tọ́ka sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Eérú funfun báláú. Mo ké pé, “Kò sí o!” Ó sún. “Kò sí o!” Ó tún sún, títí ó fi dé òkè ẹnu ọ̀nà. Ilà dúdú kan yọ lára igi, ó tín-ín-rín bí ọ̀nà èèrà, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó kọjá igi kìíní, ó kọjá èkejì. Mo gbàgbé láti pariwo. Mo kàn ń wò ó ni, títí ó fi dé òkè gàfákà, tó sì kán sílẹ̀: kán.

“Àwáwù, ṣé o sùn ni?”

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn bàbá mi níta. “Ìyá Àwáwù! Kí lò ń ṣe lókè yẹn?”

“Òrùlé ń ṣe àlùwàlá ni, Alfa. Ẹ dákun, ẹ wọlé wo ibi tí omi rẹ̀ gbà.”

Ó wọlé tìbínú-tìbínú. Mo fi ilà náà hàn án. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ nínú afẹ́fẹ́, láti gàfákà padà dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí Bàbá Jóṣúà tọ́ka sí gẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ fọ bùútà òun lẹ́ẹ̀mẹta, kí n sì gba ibẹ̀ lọ pe ará Ọ̀mù-Àrán wá.

Lẹ́yìn Jímọ̀, Bùrá Páànù, tó ti rò pé òun ni a máa gbéṣẹ́ fún, kó páànù dé. Bàbá mi fi ilà hàn án. Ó ní, “Alfa, eérú kì í ṣe káfíńtà.” Ìyá mi dáhùn láti inú ilé, “Òótọ́ ni, Bùráímọ̀. Àmọ́ kì í purọ́.” Bùráímọ̀ yọ pẹ́ńsùlù létí, ó tún fi í síbẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ padà.

Bàbá Jóṣúà wá dí ibẹ̀ ní ṣílè mẹ́rin. Òjò tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa jókòó ní sàúre, a gbójú sókè. Bàbá mi gbé gàfákà lé itan. Òrùlé kò jò. Ní ọjọ́ kejì ìyá mi fọ́ kóló. Ẹni tó mọ ọ́n ló fọ́ ọ, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo wọ ilé ìwé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Nígbà yẹn, káfíńtà tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ bọ́ bàtà, á jókòó lórí ẹní yín, kó tó pe iye; ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé Jámíù ọmọ mi ní Basin ni èmi àti ìyá mi ń gbé láti ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, àbàwọ́n omi aláwọ̀ ilẹ̀ yọ lára àjà funfun. Jámíù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí káfíńtà, iye dé sórí fóònù kí ó tó jẹun tán. Gbogbo páànù la óò pààrọ̀, káfíńtà náà ní. Jámíù ti fẹ́ san án. Ìyá mi, tí kò lè dìde mọ́, bi mí láti orí ibùsùn pé, “Ṣé káfíńtà náà wọ inú ilé?” Mo ní kò wọlé. Ó ní, “Ẹ wá eérú.”

Níbo la ó ti rí eérú? Gáàsì la fi ń dáná. Mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń dín àkàrà ní oríta, mo gbé e dé nínú ike ní ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà. Mo fi hàn án. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní ó gbẹ dáadáa. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi kò jí. Ní Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun Àìlà, a sin ín sí agboolé wa ní Gàmbàrí. Eérú náà ṣì wà nínú ike lẹ́yìn ilẹ̀kùn.