Ọjọ́ Tí Bàbá Sèmè Bọ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wa Yó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tó fún wa ní èémí tí kò gba owó rẹ̀, tó sì jẹ́ kí ojú mi tó ti ṣú yìí tún rí òwúrọ̀ Jímọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ taya ní àdúgbò wa tú atẹ́gùn díẹ̀ kúrò nínú taya ọkọ̀ ọmọ mi. Ó dún fììì. Ohùn yẹn ló gbé mi padà sí Kútọnu ayé àwọn Faransé, nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, tí bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà Gánhì, tó sì ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń ṣìkẹ́ bí ẹyin.

Nílé wa, a kì í sọ pé a fẹ́ fẹ́ taya. Bíbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ là ń pè é. Kí oòrùn tó mú un gbóná, bàbá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, á sì bọ́ ọ níwọ̀n. Bó ti ń tẹ pọ́ǹpù mọ́lẹ̀ ni àwa ọmọ á máa ṣe “Lá iláha illallahu” tẹ̀ lé e, títí ìyá mi fi ń sọ pé ọkọ̀ náà mọ Ọlọ́hun ju àwa tó ń gùn ún lọ.

Felísíà, ọmọ ilé àwọn Àgùdà tó kángun sí tiwa, ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ń bá mi jẹ sààrì, mo ń bá a jẹ oúnjẹ Kérésì. Bàbá rẹ̀ wá ríṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ọjọ́ tí wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi nírọ̀lẹ́ ni a lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sèmè, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Sèmè. Bàbá mi ṣèlérí pé a ó tètè padà kí n lè dágbére.

Nígbà tó fẹ́ kírun Àílà, ó ní, “Ebi ń pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan. Bí mo bá kírun tán, mà á bọ́ ọ díẹ̀.”

Apẹja ni Bàbá Sèmè, kò ní ọkọ̀ rí àfi ọkọ̀ ìpẹja. Ó gba pọ́ǹpù. “Èwo ni díẹ̀? Àlejò wo ló tilé mi lọ láìyó rí?” Kí a tó ṣe sàlámà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti le bí òkúta.

Bàbá mi wo taya, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.”

“Kò tó nǹkan. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fún un lómi.”

A ò tíì rìn jìnnà tí iyanrìn etí òkun fi gbé wa mì, nítorí taya tó le, ńṣe ló ń walẹ̀ nínú iyanrìn. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń tú atẹ́gùn: fììì.

Ìyá mi ní, “Bàbá ilé, oúnjẹ ẹ̀gbọ́n yín lẹ ń dà nù yẹn o!”

Taya rọ̀, ó tẹ́ lé iyanrìn, a sì jáde. Ṣùgbọ́n bí a ti dé títì líle, bàbá mi tún dúró, ó mú pọ́ǹpù. Mo bú sẹ́kún pé Felísíà ń lọ.

“Ọmọ mi, bí ẹsẹ̀ rírọ̀ bá sáré lórí ilẹ̀ líle, yóò bẹ́ ni. Ṣe ‘Lá iláha’ fún mi.”

Mo ń ṣe é, mo ń sunkún.

Nígbà tí a dé wáàfù, afárá irin tó nà wọ inú òkun, Felísíà ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ń fì lókè omi.

“Ọ̀rẹ́ mi! O pẹ́!”

“Bàbá Sèmè ló bọ́ ọkọ̀ wa yó jù!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí apẹ̀rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀.

Wáàfù ti lọ, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà Sèmè, ẹ̀rọ ló sì ń wọn atẹ́gùn fún àwọn ọmọ mi báyìí. Síbẹ̀, kí oòrùn Jímọ̀ tó yọ, mo ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ taya wọn wò, ẹnu mi sì ń ṣe “Lá iláha.”

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́hun bọ́ ọ níwọ̀n tí yóò gbé ọ débi tí ò ń lọ. Kí o sì bá ẹni tí o fẹ́ràn nílẹ̀.